Àga Tí Jethro Ń Fẹ́

Láyé ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó fẹ́ ra àga àtijọ́ ní agbègbè Òkìtìpupa tí kò ní kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Jethro Gbádégẹṣin ní Ìlútítun. Káfíńtà ni Jethro, ṣùgbọ́n kì í kan ilẹ̀kùn, kì í sì í kan pósí. Àga ni tirẹ̀, àga tó ti pẹ́ láyé, èyí tí oríkèé rẹ̀ ti yẹ̀ tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Kí òmìnira tó dé, òun ló ń tún àga àwọn òyìnbó ìjọba orí òkè ṣe. Kì í kan ìṣó mọ́ àga. Ó máa ń sọ pé ìṣó ló ń pa igi. Èèkàn kéékèèké ló máa ń gbẹ́ láti ara igi osùn tó pupa fòò. Yóò lu ihò sí oríkèé àga, yóò sì gbá èèkàn méjì wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí eyín iwájú ọmọdé.

Nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, gbàǹjo kò wọ́n mọ́ lórí òkè. Àwọn tíṣà, àwọn akọ̀wé kóòtù, àwọn tó ń ṣòwò epo pupa, gbogbo wọn ló ń fẹ́ àga òyìnbó sí pálọ̀ wọn, Jethro ni wọ́n sì ń mú dání lọ yàn án. Yóò dojú àga dé, yóò fi ìka kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kó-kó-kó, yóò gbóòórùn abẹ́ rẹ̀ bóyá kòkòrò ti wà níbẹ̀, yóò fi èékánná tẹ igi rẹ̀ wò. Yóò gbé e sórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, yóò tì í síwájú, yóò tì í sẹ́yìn. Ìgbẹ̀yìn ni yóò tó jókòó, tí yóò di ojú, tí yóò sì pẹ́ níbẹ̀ títí àwọn ènìyàn yóò fi máa rẹ́rìn-ín. Bí àga náà kò bá dára, yóò dìde, yóò ní, "Èyí kọ́." Ó parí nìyẹn. Kódà bí wọ́n fi wúrà kùn ún, kò sẹ́ni tí yóò rà á mọ́. Bí ó bá sì dára, Jethro kì í sọ nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa rìn lórí apá àga náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tu ọmọ nínú, ẹni tó mú un wá yóò sì mọ̀ pé òun ti rí ohun tí òun ń wá.

Ṣùgbọ́n ní ilé òun fúnra rẹ̀, àpótí méjì àti bẹ́ǹṣì gbọọrọ kan ló wà. Catherine ìyàwó rẹ̀, tó ń fọ epo pupa ní ẹkù, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Lérè, ìgbà wo ni àwa náà yóò jókòó bí ènìyàn?"

"Mo ń wò ó," ni Jethro yóò wí. "Àga tí a ó jókòó sí di ọjọ́ ogbó, a kì í kánjú mú un."

Ó wò ó fún ọdún méjìdínlógún. Ní oṣù keje ọdún 1966, níbi tó ti ń fá igi lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ẹ̀gbà jà á. Nígbà tí Catherine fi máa sáré ti ẹkù dé, tòun ti epo lọ́wọ́, Jethro ti wà nílẹ̀ nínú ìyẹ̀fun igi, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, ojú rẹ̀ sì ń wò ó bí ẹni pé òun Catherine ló yẹ kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àdúrà ní Òkìtìpupa, níbi tí Àǹtí Dora, ẹ̀gbọ́n Jethro obìnrin, ti jẹ́ ìyá ìjọ. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò dìde mọ́. Lérè, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Sápẹ́lẹ́, wá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ kò tíì lè la ohùn nígbà yẹn. Ìgbà tí Lérè ti padà lọ ni ohùn náà tó dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Catherine gbé ẹ̀kọ mímu sí i lẹ́nu, Jethro sì là á mọ́lẹ̀ ketekete, ó ní, "Èyí kọ́."

Àǹtí Dora fò sókè. "Halelúyà! Ohùn ti dé! Ìyàwó, o gbọ́ àbí o ò gbọ́?"

Catherine gbọ́. Ó jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ náà, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kejì. Ọ̀rọ̀ kejì kò dé lọ́jọ́ náà, kò dé lọ́sẹ̀ náà, kò sì dé láéláé. "Èyí kọ́" nìkan ló kù lẹ́nu ọkùnrin náà. Wọ́n gbé pupuru fún un, ó ní èyí kọ́. Wọ́n wọ aṣọ sí i lọ́rùn, ó ní èyí kọ́. Nígbà mìíràn yóò sọ ọ́ tán, yóò sì jẹ oúnjẹ náà tán. Nígbà mìíràn yóò yí ojú sí ògiri. Catherine bá gbà pé ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti wí i, yóò gbé tibí lọ, yóò gbé tọ̀hún wá, yóò pààrọ̀ ọbẹ̀, yóò pààrọ̀ ìrọ̀rí. Bí kò bá ní ìtumọ̀, kí ló tún kù tí yóò fi mọ inú rẹ̀?

Wọ́n gbé e padà sí Ìlútítun. Orí ẹní ni ó ń sùn tọ̀sán-tòru, egbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i ní ìbàdí. Nọ́ọ̀sì tó wá wò ó sọ fún Catherine pé, "Ìyá, ẹ gbọ́dọ̀ máa gbé bàbá jókòó. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ báyìí, egbò yìí ni yóò pa wọ́n, kì í ṣe ẹ̀gbà." Catherine gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó ṣubú sápá ọ̀tún. Ó gbé e sórí àpótí, ó fi ara tì í lẹ́yìn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn tàrí, ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Àga ni wọ́n nílò, àga tó ga lẹ́yìn, tó sì ní apá tó lè gba ènìyàn dúró.

Àǹtí Dora ní kí wọ́n lọ ra àga tuntun, oníkúṣìn, irú èyí tó ń dán tí wọ́n ń tà níwájú mọ́tò páàkì.

"Àǹtí mi, ẹ mọ̀ pé kò ní jókòó sí i," ni Catherine fèsì. "Ó máa ń sọ pé inú rẹ̀ dà bí inú búrẹ́dì, bí ènìyàn bá jókòó sí i lóṣù mẹ́ta, yóò kan pákó."

"Ta ni yóò wá yan ti àtijọ́ fún un? Ẹni tó mọ̀ ọ́n yàn ló dùbúlẹ̀ yìí."

Catherine lọ pààrọ̀ aṣọ tó wà lójú egbò ọkọ rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1968 ni gbàǹjo kan wáyé. Ogun Bìáfrà ti dé tòsí lọ́dún tó ṣáájú, ọ̀gá òyìnbó ilé iṣẹ́ pákó kan sì ti kó ìdílé rẹ̀ lọ, kò padà wá mọ́. Ilé iṣẹ́ náà kó ẹrù inú ilé rẹ̀ síta. Catherine wọ mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa lóun nìkan. Àga tó wà níbẹ̀ tó ogún. Ó dúró láàárín wọn. Ọdún méjìdínlógún ni ó fi gbọ́ nípa àga, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ọ̀kan.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ó ti rí i tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Ó dojú àkọ́kọ́ dé. Ó kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó ń gbóòórùn abẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé tó ń darí gbàǹjo náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ṣé àga lẹ fẹ́ rà ni àbí ọbẹ̀ lẹ ń tọ́ wò?"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà kan tó wà nínú wọn ló ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ìyàwó Jethro ni." Ẹ̀rín náà sì dáwọ́ dúró. Àánú tó rọ́pò rẹ̀ tún wá ṣòro fún Catherine láti gbà ju ẹ̀rín lọ.

Ìkínní, ìyẹ̀fun ń dà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kòkòrò ti jẹ ẹ́. Èkejì, wọ́n ti fi ìṣó mẹ́fà kàn án nídìí, wọ́n sì fi fáníìṣì bo orí ìṣó náà. Ẹ̀kẹta ń dán, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò kan ilẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ dé orí àga ìrọ̀gbọ̀kú kan tó wà lẹ́yìn ilé nídìí àgbá omi, tí ẹnikẹ́ni kò wò. Igi ìrókò ni, ó ti dúdú nítorí ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ga, pákó pẹlẹbẹ márùn-ún ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì gbòòrò débi pé àwo oúnjẹ lè dúró lé e. Catherine wá kòkòrò, kò rí. Ó wá ìṣó, kò rí. Ó jókòó, ó di ojú. Ẹ̀yìn tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ yìí wá kàn sinmi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sunkún díẹ̀ níbẹ̀, ó nu ojú, ó sì ní kí wọ́n bá òun gbé e sọ́kọ̀.

Aládùúgbò méjì ló bá a gbé Jethro jókòó sínú rẹ̀. Àga náà gbà á bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó kàn án. Orí rẹ̀ kò yẹ̀, ara rẹ̀ kò wọ́ sápá kan. Ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, rìn lórí apá àga náà lọ, ó rìn bọ̀, ó sì lọ sábẹ́ apá náà, ó dúró síbẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀.

"Èyí kọ́," ni ó wí. Ó tún un wí kíkankíkan: "Èyí kọ́!"

Catherine fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára àga náà.

"Bóyá kò tíì mọ́ ọn lára ni," ni ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò náà wí.

"Kí ni kò mọ́ ọn lára?" ni Àǹtí Dora dáhùn. "Ẹni tó mọ àga ló ní èyí kọ́, ta ni yóò já a nírọ́?"

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bákan náà ni. Bí wọ́n bá ti gbé Jethro síbẹ̀, ọwọ́ òsì yóò lọ sábẹ́ apá àga, ẹkún yóò bẹ̀rẹ̀, "èyí kọ́" yóò máa jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi tó ń kán láti orí páànù. Catherine rò pé ojú ń ti ọkọ òun ni, pé àga tí òun mú ní àbùkù kan tí ojú òun kò tó, tí ọkùnrin náà ń fi ọwọ́ kàn lójoojúmọ́ tí kò sì lè ṣàlàyé. Ó dojú àga náà dé nígbà méjì. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà ló fi ń wá kòkòrò lóru, kò rí nǹkan kan.

Tíṣà Oyèkànmí, ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Akọ̀tógbó, wá kí Jethro ní àsìkò yẹn. Jethro ti yan àga fún un rí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìrọ̀gbọ̀kú náà.

"Ìyá Lérè, irú èyí ni mo ń wá fún ìyá mi," ni ó wí.

"Bàbá Lérè kò fẹ́ ẹ, Tíṣà. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́."

"Àga onípánkẹ́rẹ́ kan wà nílé mi, ó ga lẹ́yìn dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́, kí a pààrọ̀."

Catherine yọ̀. Ní Sátidé, Tíṣà gbé àga pánkẹ́rẹ́ wá, wọ́n gbé Jethro sórí ẹní, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìrọ̀gbọ̀kú jáde. Jethro ké. Ó ké débi pé adìyẹ ilé kejì fò sá. "Èyí kọ́! Èyí kọ́! Èyí kọ́!" Ó ń na ọwọ́ òsì sí ẹnu ọ̀nà. Catherine sáré kúnlẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ náà mú, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Wọ́n ti ń gbé e lọ, Bàbá Lérè. Ó ti lọ. Ẹ má bínú mọ́, ẹ kò ní rí i mọ́."

Ó pẹ́ kí Jethro tó dákẹ́. Nígbà tó dákẹ́, ó yí ojú sí ògiri, kò sì jẹun títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àga pánkẹ́rẹ́ kò gbà á. Apá rẹ̀ kéré, Jethro sì ń yọ̀ ṣubú lábẹ́ rẹ̀. "Èyí kọ́." Lẹ́yìn oṣù méjì, Catherine gbọ́ pé opó olùkọ́ ìjọ kan ní Òde-Ìrèlè ní àga ńlá kan tí wọ́n ti ń lò nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà kan rí. Ó lọ bẹ̀ ẹ́, obìnrin náà sì fún un. Igi ọgànwó ni, wọ́n gbẹ́ àgbélébùú sí ẹ̀yìn rẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. Jethro kò ṣubú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó le bí òkúta, ọwọ́ rẹ̀ òsì sì sinmi lórí itan rẹ̀, kò fi kan igi náà rárá. "Èyí kọ́." Catherine di aṣọ gbígbó mọ́ ibi ìjókòó rẹ̀. Agbára àtilọ wá òmíràn kò sí mọ́. Inú àga yìí ni Jethro wà.

Ní gbogbo ìgbà yìí, lẹ́tà kan kò ti ọ̀dọ̀ Lérè wá. Ogun ti dí ọ̀nà Sápẹ́lẹ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá ọmọ náà kú tàbí ó wà láàyè. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń gba ààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ kẹta sí Kérésìmesì ọdún 1968, ní ọ̀sán gangan, ọkùnrin gíga kan tó ti rù kan eegun wọ inú àgbàlá, ó sọ àpò rẹ̀ sílẹ̀. Lérè ni.

Catherine kò mọ ìgbà tó ké. Lérè di mọ́ ìyá rẹ̀, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú baba rẹ̀. Jethro wò ó. Ayọ̀ tó bo ojú rẹ̀, apá tó wọ́ àti apá tí kò wọ́, kò sí ẹni tó rí i tí yóò ṣì í mọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbá orí ọmọ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà ń rìn lórí irun rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Èyí kọ́," ni ó ń wí. "Èyí kọ́. Èyí kọ́. Èyí kọ́."

Ẹ̀rù ba Àǹtí Dora. "Yéè! Ṣé kì í ṣe Lérè ni?"

"Èmi ni, Àǹtí," ni Lérè wí láti ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí. "Wọ́n mọ̀ mí. Ẹ ò rí ojú wọn ni? Ẹnu wọn kò gba ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ni. Màmá, ṣé bí wọ́n ṣe ń wí gbogbo nǹkan nìyẹn?"

Catherine súnmọ́ wọn. Ó ń wo ọwọ́ òsì náà lórí irun ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ lọ wo iná, ó wọ ilé ìdáná, ó sì jókòó sílẹ̀ láàárín igi ìdáná. Ọbẹ̀ jóná níwájú rẹ̀, kò mọ̀. Lérè ló wá bá a níbẹ̀.

"Màmá, kí ló dé?"

"Àga," ni Catherine wí. "Mo gbé àga bàbá rẹ fún ènìyàn lójú rẹ̀. Ó ń ké pè mí, mo ń sọ fún un pé kó má bínú mọ́."

Nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1969, Catherine múra, ó forí lé Akọ̀tógbó. Ó fi mọ́tò rìn dé ibi tí ó lè dé, ó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ó ti to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lọ́nà: yóò kúnlẹ̀ fún Tíṣà, yóò ní òun ṣi ọ̀rọ̀ ọkọ òun túmọ̀ ni, yóò dá àga pánkẹ́rẹ́ padà, yóò sì fi kẹ́ẹ̀gì epo kan lé e.

Tíṣà kò tíì ti ilé-ìwé dé. Ìyá rẹ̀ ló wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, Ìyá Àrìnkẹ́, arúgbó tín-ín-rín kan tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Inú ìrọ̀gbọ̀kú náà ló jókòó sí, ó ká ẹsẹ̀ sókè bí ọmọdé, ó fi ṣọ́ọ̀lù bo ejìká.

"Ta ló ń bọ̀ yẹn?"

"Èmi ni o, Ìyá. Catherine, ìyàwó Jethro káfíńtà, láti Ìlútítun."

"Háà! Ẹni tó ni àga! Súnmọ́ mi, jẹ́ kí n fọwọ́ kàn ọ́."

Catherine kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Arúgbó náà wá ojú rẹ̀ kàn, ó fọwọ́ pa á, ó súre fún un. Bí ó ti ń súre lọ́wọ́, Catherine na ọwọ́ sábẹ́ apá òsì àga náà, sí ibi tí ọwọ́ Jethro máa ń lọ. Ìka rẹ̀ kan nǹkan kan tó yọrí díẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó wò ó. Èèkàn méjì ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó pupa fòò nínú ìrókò dúdú.

Ó fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Jethro ló ti tún un ṣe, lọ́dún wo, fún òyìnbó wo, kò mọ̀. Ṣé àga yìí gan-an ni ọkùnrin náà ti ń retí ní gbogbo ọdún tí òun fi ń bi í léèrè? Èyí náà, kò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò lè sọ ọ́.

"Kí lo ń wá lábẹ́ apá mi, ọmọ mi?"

"Kò sí, Ìyá. Eruku ni mo ń nù."

"Ọlọ́run á nu omijé tìrẹ náà," ni arúgbó náà wí. "O kò mọ ohun tí ẹ ṣe fún mi. Láti ìgbà tí ojú mi ti lọ, bí ẹni wà lójú agbami ni mo rí. Mi ò mọ ibi tí ògiri wà, mi ò mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Bí mo bá ti jókòó síbí, tí mo bá di apá rẹ̀ méjèèjì mú, mo mọ̀ pé ilé mi ni mo wà. Mo ti sọ fún ọmọ mi, ọjọ́ tí mo bá kú, kí wọ́n gbé mi nínú rẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ tí Catherine tò lọ́nà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì.

Nígbà tí Tíṣà Oyèkànmí dé, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí ojú àlejò rẹ̀. "Ìyá Lérè, ṣé kò sí? Ṣé àìsàn bàbá kò le sí i?"

"Kò sí, Tíṣà. Mo ní kí n wá kí Ìyá ni."

"Ẹ rìn láti Ìlútítun nínú ọyẹ́ yìí, kí ẹ wá kí Ìyá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Tíṣà wò ó, ó wo ìyá rẹ̀ nínú àga. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan fún un, ó sin ín dé ojú títì. Catherine fi epo náà sílẹ̀ fún wọn.

Nígbà tó délé, ó fà sẹ́yìn kí ó tó lè wọ pálọ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Jethro nínú àga ọgànwó.

"Bàbá Lérè, mo ti rí i. Ẹ̀yin lẹ tún un ṣe. Mo rí èèkàn yín. Mo fẹ́ gbà á padà, ẹnu mi kò lè sọ ọ́. Ẹni tó wà nínú rẹ̀, bí mo bá gbé e kúrò, bí ẹni pé mo tún fọ́ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni. Ẹ dárí jì mí."

Jethro wò ó. "Èyí kọ́," ni ó wí, ní ohùn jẹ́jẹ́.

Ó lè jẹ́ ìdáríjì. Ó lè jẹ́ pé inú ń bí i. Ó sì lè jẹ́ pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Catherine wo ojú rẹ̀ títí, kò rí èyí tí yóò dì mú. Ó dìde, ó lọ bu omi wá. Jethro mu ún.

Lérè padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun. Ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ ni Jethro tún lò kí ó tó fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 1971, egbò kò sì pa á. Inú oorun ló kú. Àwọn ènìyàn ní Catherine tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin, wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá ti ń wí bẹ́ẹ̀, yóò máa wo ilẹ̀. Ọjọ́ kan nínú ọdún 1970 ni ó máa ń rántí.

Ọjọ́ náà, ó ti bẹ àwọn aládùúgbò kí wọ́n bá òun gbé Jethro síta kí wọ́n tó lọ sóko, kí ó lè rí afẹ́fẹ́. Lọ́sàn-án, òjò ṣú láti ìhà òkun, ó sì dé kí ẹnikẹ́ni tó kígbe pé òjò ń bọ̀. Catherine sáré síta. Ó di apá àga ọgànwó náà mú, ó fà á. Ó sún bí ìbú ọwọ́ kan. Ó tún fà á, kò sún mọ́, ẹsẹ̀ àga náà ti rì sínú ẹrẹ̀. Ó gbìyànjú láti gbé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, ó gbá a lábíyá mú, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ó dá a padà. Ó ké pe ilé ọ̀tún, ó ké pe ilé òsì. Gbogbo ènìyàn wà lóko. Òjò ń da orí Jethro, ó ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń wọ inú ẹnu tó wọ́ náà, kò sì lè nù ún.

Catherine tú ìró ìdí rẹ̀, ó ku tòun ti yẹ̀rì. Ó fi ìró náà bo ọkọ rẹ̀ láti orí dé orúnkún. Ìró náà rin gbingbin lójú ẹsẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó ń wá ohun tó tún kù tí òun lè ṣe. Nígbà tí kò rí i, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti itan rẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dá.